Ta Ló Sọ Pé Ọba So?

Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́, àrá kì í sán kí ó má gba èsì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, tí mànàmáná kọ, tí àrá sì bú, àwọn ìyá wa á jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà: “Kábíyèsí! Ọba kò so!” Ẹni tó ń gúnyán á dá ọmọ odó dúró, ẹni tó ń sáré lọ ká aṣọ á tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó máa bá eré rẹ̀ lọ. Àwa ọmọdé náà á gbè é tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ wa sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, síbẹ̀ àwọn tí mo kọ́ kò yéé wá mi wá. Wọ́n á mú ewì tàbí oríkì ìdílé wọn dání, wọ́n á fi ìka sí ibì kan, wọ́n á ní, “Mọ̀mọ́, gbogbo rẹ̀ ló yé wa, àfi ibí yìí.” Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí kò yé ènìyàn nínú ewì wa, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn sábà máa ń sá pamọ́ sí. Ọ̀nà tí mo fi ń wá a kì í ṣe ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí: ọba kò so.

Adóṣù Ṣàngó ni ìyá àgbà. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ọjọ́ Jàkúta bá pé, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á mú orógbó àti ṣẹ́ẹ́rẹ́, á kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ, á sì bẹ̀rẹ̀ Ṣàngó pípè. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó ń pe ọba ní orúkọ, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń yìn ín, ó sì ń dẹ́rù ba ẹni tó bá ń gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa gbè é. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́, nítorí mo ti ń lọ sílé ìwé ìjọ nígbà náà, bàbá mi kò sì fẹ́ kí n máa wọ inú ibẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló ń dà mí láàmú jù. Gbogbo “so” tí mo mọ̀, mo ti fi wé e, kò bá a mu. Ọsàn ń so lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá mi ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ọba wá kò so: kí ni kò so? Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fi okùn gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn àgbà á rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á ní ó pokùn so. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ okùn nínú gbólóhùn ti Ṣàngó, a kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀ bí a bá ń sọ ọ́. Igbe là ń fi í ké.

Mo bi ìyá àgbà lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, “Ìyá, kí ni ọba kò so?”

Ó wò mí. Ó ní, “Ọkọ mi, ta ló sọ pé ó so?”

Mo ní n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Wọ́n sọ ọ́. Kí wọ́n tó bí bàbá ńlá mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Àwọn là ń dá lóhùn.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Àbọ̀ tí ìyá àgbà sọ fún mi lọ́jọ́ náà, gbogbo ìwé tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ di odidi. Ìdáhùn ni gbólóhùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ìdáhùn, kó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dá lóhùn.

Nílé ìwé, olùkọ́ wa sọ ìtàn náà fún wa ní tirẹ̀. Ó ní Ṣàngó jẹ́ Aláàfin, ó lágbára, ó sì le. Ó ní ó pe àrá sọ̀kalẹ̀ sórí ààfin ara rẹ̀, àrá náà sì pa àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ mú un jáde nílùú, ó fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Tápà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé e pa dà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá so lórí igi ní Kòso. Igi àyàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ. Olùkọ́ wa wá fi kún un pé irọ́ ni àwọn olórìṣà ń pa láti fi bo ìtìjú. Ó ní ọba so, gbogbo ayé mọ̀ pé ó so.

Ìtàn tí olùkọ́ wa sọ kò jìnnà sí èyí tí àlùfáà Samuel Johnson kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá. Ọdún 1897 ni Johnson parí ìwé náà, ní Ọ̀yọ́ ńbí tó ti ń ṣe àlùfáà. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ sọnù, ó sì ti kú kí Obadiah àbúrò rẹ̀ tó tún un tò, tí ó fi jáde ní 1921. Nígbà tí mo dàgbà tí mo kà á fúnra mi, ohun tí olùkọ́ wa kò sọ fún wa ni mo rí níbẹ̀. Johnson sọ pé lẹ́yìn tí ọba kú, àwọn ará ìlú ń fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ sí wọn létí pé ọba so. Àwọn ọ̀rẹ́ náà kò lè gbójú sókè mọ́. Wọ́n lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n gba oògùn tí wọ́n ń fi pe iná láti ojú ọ̀run, wọ́n pa dà wálé, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nílùú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yí pa dà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́gàn. Ọba kò so.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo rántí ìyá àgbà. Kò mọ̀wé, kò sì gbọ́ orúkọ Johnson rí, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ fún mi pé wọ́n sọ ọ́, pé àwọn là ń dá lóhùn. Ohun tí àlùfáà gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin, tó kọ sílẹ̀, òun ni ìyá àgbà gbé sínú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá mìíràn. Ẹ rántí pé a tún ń pe Ṣàngó ní Olúkòso. Bí a ṣe ń pe ọba Ìbàdàn ní Olúbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Olúkòso ṣe rí: olú tó ni Kòso. Ìlú ni Kòso, kì í ṣe gbólóhùn. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo láàárín wa tí wọ́n fi ń pè é ní Fátúmbí, kọ irú ìtàn yìí sílẹ̀. Nínú rẹ̀, Ṣàngó ti ilẹ̀ Tápà bọ̀, Kòso ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ nítorí pé ó le, ó sì fi agbára jọba lé wọn lórí. Nígbà tó wá gba Ọ̀yọ́ lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó dá àdúgbò kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó sọ ní Kòso, oyè àtijọ́ náà kò sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọba Kòso ni wọ́n ń pè é kí ọ̀rọ̀ okùn tó wáyé rárá.

Ewo wá ni ká gbọ́ nígbà tí àrá bá sán? Ẹ fetí sí èdè wa dáadáa. “Kò” wà ní ohùn ìsàlẹ̀, “so” wà ní ohùn àárín, bẹ́ẹ̀ náà ni Kòso tó jẹ́ ìlú. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí a fi ń sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan ló fà á. Bí orúkọ ẹni tó ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, a máa ń fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Fìlà a Táyé là ń sọ, ilé e Bísí là ń sọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pe ọba tó ni Kòso, “ọba a Kòso” ni etí yóò gbọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé ọba náà kò so, kò ní fa nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń fara balẹ̀ nígbà tí àrá ń sán? Ta ló lè ka fáwẹ̀lì nígbà tí bàtá ń dún, tí ṣẹ́ẹ́rẹ́ ń ró, tí ogún obìnrin ń ké papọ̀? Nínú igbe, oyè àti ìdáhùn di ọ̀kan.

Èrò tèmi, tí mo ti gbé yẹ̀ wò títí, ni pé oyè ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tí ẹ̀gàn wá dé, tí wọ́n ń sọ pé ọba so, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kò nílò láti wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ. Oyè tí wọ́n ti ń fi kí i láti ọjọ́ pípẹ́ ti gbé ìdáhùn sínú. Wọ́n kàn ń ké e lọ bí wọ́n ti ń ké e tẹ́lẹ̀ ni, ẹlẹ́gàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ènìyàn kan. Èdè fúnra rẹ̀ ló gbèjà ọba.

Ìdí tí ìgbèjà náà fi ṣe pàtàkì ni ohun tí olùkọ́ wa kò rò dé. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí wọn á fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, kò sì sí ohun tó kù fún un mọ́ ju kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọba so kò sọ ìròyìn ikú nìkan. Ó ń sọ pé ìlú kọ ọba náà, pé kò yẹ lórí ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀, ní Kòso, ní ojúbọ Ṣàngó, ni wọ́n ti ń gbé adé lé Aláàfin tuntun lórí. Ṣé ibi tí ọba ti kú ikú ìtìjú ni ọba mìíràn yóò ti gba adé? Ẹni tó bá ń ké pé ọba kò so ń di adé gbogbo àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ mú pẹ̀lú. Àwa náà kì í sọ títí di òní pé ọba kú. Ọba wàjà ni à ń wí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà wá sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́ ní bíi 1830 sí 1840, wọ́n gbé Kòso dání wá, nítorí kò sí bí ìlú náà ṣe lè jẹ́ Ọ̀yọ́ láìsí i.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mí nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé eré rẹ̀ jáde ní Òṣogbo ní 1963. Ọba Kò So ni ó pè é, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á sí ìlú. Ọmọ oníṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni Ládiípọ̀. Irú ilé ìwé tí mo lọ lòun náà lọ, irú ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni wọ́n sọ fún òun náà. Síbẹ̀ ó tọ àwọn tó ni Ṣàngó pípè lọ, ó tọ àwọn onílù bàtá lọ, ó sì kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ṣe Ọya. Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Nígbà tí mo rí eré náà, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ìgbà tí gbólóhùn yẹn dé. Ọba ti kú lójú wa. A rí i tí Gbọ̀nńkáà ọ̀gágun rẹ̀ lé e dé ibi tí kò sí ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni igbe náà wá sọ, àwọn ènìyàn inú gbọ̀ngàn sì dìde láti bá wọn ké e, oníṣàngó, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Wọn kò jiyàn ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n ń kọ̀ kí ìparí ayé ọba jẹ́ gbogbo ohun tí a ó máa sọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni wọ́n ń pa kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Gbólóhùn náà ti rìn jìnnà ju ibi tí Ládiípọ̀ gbé e dé lọ. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun lọ sí Bahia ní Brasil àti sí Kúbà. Títí di òní, wọ́n ń kí Ṣàngó ní Kábíyèsí ní ilẹ̀ méjèèjì, Kabiosile ni àwọn ará Kúbà ń pè é. Ní Brasil, Obá Kossô wà lára orúkọ tí wọ́n ń pe Ṣàngó. Ní Salvador, ní ilé òrìṣà Opô Afonjá tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, wọ́n fi àwọn ọkùnrin tó ń dúró ti Ṣàngó jẹ oyè ọba méjìlá, oyè bíi Kankanfo, Onikoyi àti Abiodun sì wà nínú wọn. Àwọn tó dá ilé náà sílẹ̀ ń gbé láàárín ènìyàn tó ń wí fún wọn pé ìran ẹrú ni wọ́n, pé ìlú wọn ti tán, pé ọba wọn ti parẹ́. Bí mo bá rò ó báyìí, mo mọ ọ̀rọ̀ tí gbólóhùn wa ń dá lóhùn níbẹ̀. Ẹ̀gàn náà yí aṣọ pa dà, ìdáhùn sì dúró bó ti wà. Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Mo yọ̀ púpọ̀ fún ìyá àgbà lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Kì í ṣe Ṣàngó pípè nìkan ni ọ̀nà yìí ṣí fún mi. Oríkì àwọn ọmọ Oníkòyí ń fi ikú ojú ogun yangàn, ó sì máa ń ya àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́nu pé kí ènìyàn máa fi ikú bàbá rẹ̀ ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ni àwọn baba wọn, ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ kò sì gbọdọ̀ gba ọfà lẹ́yìn. Iwájú ni ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí ẹni tó bá gbọgbẹ́ lẹ́yìn ti ń sá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí oríkì náà ń dá lóhùn ni ọ̀rọ̀ tí jagunjagun ń bẹ̀rù ju ikú lọ, pé ó sá. Bí ọmọ bá ti mọ ìyẹn, kò ní bi mí léèrè mọ́ pé kí ló dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ irú oríkì bẹ́ẹ̀ jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tó jáde ní 1967, oore ńlá ló sì ṣe fún wa. Karin Barber, tó gbé Òkukù láàárín àwọn ìyá tó ń kì, fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1991 pé oríkì àti ìtàn kì í sábà gbé lẹ́nu ẹnì kan náà. Àwọn obìnrin ló ń kì, àwọn àgbà ọkùnrin ilé ló sábà máa ń mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń kì. Mo rí i bẹ́ẹ̀ nílé wa pẹ̀lú. Bí ẹnì kan nínú méjèèjì bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè, ìdajì ló kù nílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ bí mo bá rí ọmọ tó ń tún oríkì ilé wọn ṣe. Ó rí ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí i, ó gbà pé ẹnu àgbà ló ṣì í, ó fi èyí tó yé e dípò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú tàbí ìwé ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ náà lọ, èyí tó yé e ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa kì. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì yẹn lè jẹ́ orúkọ ìlú tó ti tú, ó lè jẹ́ èsì sí èébú tí wọ́n bú ìyá ńlá wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún un ṣe. Bí kò bá yé yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ lọ sílé. Ẹ lọ bá ìyá tó ń kì yín, ẹ lọ bá bàbá tó mọ ìtàn ilé yín. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, nítorí wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì í, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń dá lóhùn, kí sì ni onítọ̀hún sọ. Bí àgbà méjì bá sọ ohun méjì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti agboolé tó ti wá, kí ẹ má sì fi ọ̀kan pa èkejì, nítorí èdè wa lè gbé méjèèjì ró bó ti gbé Kòso àti “kò so” ró. Àwọn tó bú wa ti kú, èébú wọn sì ti di ìgbàgbé lẹ́nu ayé, àfi nínú ewì wa tó ṣì ń dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò bá mọ èébú náà kò ní mọ bí ìdáhùn náà ṣe níyì tó.